Èsìsì kì í jóni lẹ́ẹ̀mejì: kí ni òwe yìí ń sọ?

Ìbéèrè: Ṣé òótọ́ ni pé ẹni tí èsìsì bá ti jó rí, kò ní jó o mọ́? Ṣé ewé yẹn náà ni wọ́n fi ń ṣe àgbo?

Rárá o. Bí o bá fara kan èsìsì nígbà ogún, á jó ọ nígbà ogún. Ẹni tó ti tọ́ ọ wò ni òwe ń bá wí: ó ti dá ewé náà mọ̀, á yà fún un. Ẹni tó jẹ wá lówó tí kò san, tó tún wá yá òmíràn, irú wọn la máa ń pa á fún.

Ẹ kíyè sí i pé èsìsì ń jóni ni, wèrèpè ń yúnni. Irun wèrèpè wà lára èèpo èso rẹ̀, atẹ́gùn ọyẹ́ sì lè gbé e bá ẹni tí kò dé ìdí rẹ̀. Ti èsìsì wà lára ewé àti igi rẹ̀. Irun kọ̀ọ̀kan dà bí abẹ́rẹ́ oníhò: bí a bá kàn án, ẹnu rẹ̀ á kán, oró inú rẹ̀ á wọ awọ. Ìdí nìyí tí fífi ọwọ́ ra ojú ibẹ̀ fi ń dá kún un, torí irun tí kò tíì kán náà á kán. Lẹ téèpù mọ́ ọn, ṣí i kúrò, kí o tó fi ọṣẹ àti omi tútù fọ̀ ọ́.

Ní ti àgbo, bẹ́ẹ̀ ni. Ewé tó ń jẹ́ èsìsì ju ẹyọ kan lọ. Laportea aestuans, tó ń hù lẹ́bàá ilé àti láàtàn nígbà òjò, ni mò ń sọ. Má fi èyí tó ń fà mọ́ igi dípò rẹ̀. Àwọn elégbòogi ń lò ó fún inú rírun àti egbò, àwọn ibì kan ní Áfíríkà sì ń sè é jẹ bí ẹ̀fọ́. Wọ ìbọ̀wọ́, já ewé orí rẹ̀ kó tó yọ òdòdó, ṣàn án, kí o da ẹ̀kúnwọ́ kan sínú omi híhó bíi lítà kan fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Híhó yẹn ló ń ba abẹ́rẹ́ rẹ̀ jẹ́. Sísá a lóòrùn nìkan kò tó, ewé gbígbẹ ṣì lè jóni. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kí wọ́n gbo ó ní tútù, kí wọ́n sì mu omi rẹ̀: ẹnu àti ọ̀nà ọ̀fun ló máa ń fojú winá rẹ̀. Aboyún má ṣe dán an wò.