Àáró ni, kì í ṣe ọ̀wẹ̀: iṣẹ́ kọ̀ǹpútà tí wọ́n ní kí àwọn ọmọ jọ ṣe

Ìbéèrè

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin òbí ẹlẹgbẹ́ mi. Ìbejì ni mo bí, wọ́n jẹ́ ọmọ ọdún 12, Year 8 ni wọ́n wà níbí ní Leeds. Tíṣà kọ̀ǹpútà wọn pín kíláàsì sí ọ̀wọ́ ẹlẹ́ni mẹ́rin-mẹ́rin, ó fún ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan ní micro:bit kan, ìyẹn kọ̀ǹpútà kékeré tí wọ́n fi ń kọ́ ọmọdé, ó ní kí wọ́n ṣe ẹ̀rọ tí yóò máa tan iná bí ariwo kíláàsì bá ti pọ̀ jù, kí wọ́n sì ṣàlàyé rẹ̀ lórí Google Slides, ojú ewé àfihàn tí gbogbo wọn lè jọ kọ sí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ni wọ́n fún wọn. Máàkì kan náà ni gbogbo ọmọ inú ọ̀wọ́ máa gbà.

Ọ̀tọ̀ ni ọ̀wọ́ Táyé, ọ̀tọ̀ ni ti Kẹ́hìndé. Kẹ́hìndé nìkan ló ń ṣe gbogbo iṣẹ́ ọ̀wọ́ tirẹ̀. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, aago mọ́kànlá alẹ́ ni mo bá a nídìí Chromebook, kọ̀ǹpútà alágbèéká rẹ̀, ó ń to kóòdù, ìyẹn àṣẹ tí ẹ̀rọ ń tẹ̀lé, ó ń kọ slide, àwọn mẹ́ta yòókù ti sùn lọ fọnfọn nílé wọn. Ní ti Táyé, páálí ni wọ́n ní kó máa kùn lọ́dà. Páálí! Níbi tí mo ti kàwé ní Iléṣà, bí o bá yọjú wo ìwé ẹni tó jókòó tì ọ́, pàṣán ni. Kóńkó jabele, kálukú ló ń ṣe tirẹ̀. Wọ́n tún wá ń sọ pé àwọn fẹ́ dá ẹgbẹ́ WhatsApp sílẹ̀ nítorí iṣẹ́ yìí. Ṣé ẹ̀kọ́ ni wọ́n ń kọ́ báyìí àbí eré? Ṣé kí n lọ bá tíṣà wí ni?

Ìyá Ìbejì, Leeds

Ìdáhùn

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ọmọ títọ́ o. Ọlọ́run á dá wọn sí. Ẹ má bínú, ẹ̀rín kọ́kọ́ pa mí. Gbogbo wa la mọ̀ pé Kẹ́hìndé ni ẹ̀gbọ́n, òun ló rán Táyé níṣẹ́ kó lọ tọ́ ayé wò. Ilé-ìwé yìí ti yí i po, Kẹ́hìndé ló wá di ẹni tí gbogbo ayé ń rán níṣẹ́. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín lọ́dọ̀ yín. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì ni mí ní Manchester, mi ò kọ́ṣẹ́ kọ̀ǹpútà níbì kankan. Ọmọ mi Dàda tó wà ní Year 10 báyìí ló jẹ́ kí ojú mi rí gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ yìí.

Ẹ má tíì lọ bá tíṣà wí. Ohun tó wọ́ níbẹ̀ kì í ṣe kọ̀ǹpútà, kì í sì í ṣe pé wọ́n ní kí àwọn ọmọ jọ ṣe é. Àwọn bàbá wa ti ń jọ ṣiṣẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ orúkọ kọ̀ǹpútà, wọ́n sì mọ̀ pé oríṣi rẹ̀ kì í ṣe ẹyọ kan. Bí mo bá bẹ̀ yín lọ́wẹ̀, oko mi lẹ ó wá ro, èmi ni n ó gúnyán, èmi ni n ó gbé ẹmu kalẹ̀. Ẹni tó ro poro kan àti ẹni tó ro márùn-ún, ìdí abọ́ iyán kan náà ni wọn ó jọ jókòó sí. Àáró kò rí bẹ́ẹ̀. Bí a bá ro oko yín lónìí, tèmi ló kàn lọ́la, ẹni tó bá sì ń fọwọ́ hẹ́ iṣẹ́, gbogbo ojú ló ń rí i. Tíṣà yín rò pé àáró lòun dá sílẹ̀ fún wọn. Ọ̀wẹ̀ ni wọ́n sọ ọ́ dà nínú ọ̀wọ́ Kẹ́hìndé, Kẹ́hìndé ló ro oko, òun náà ló tún gúnyán.

Iṣẹ́ tí wọ́n fún wọn gan-an dára, ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀. Micro:bit yẹn, ní 2016 ni BBC àti àwọn alájọṣe rẹ̀ kọ́kọ́ pín in lọ́fẹ̀ẹ́ fún àwọn ọmọ Year 7 káàkiri Britain, nǹkan bíi mílíọ̀nù kan. Kò fi bẹ́ẹ̀ tóbi ju páálí ìṣáná lọ. Iná wínńwín 25 ló wà lójú rẹ̀, márùn-ún lọ́nà márùn-ún, pẹ̀lú bọ́tìnnì méjì, A àti B. Èyí tí wọ́n ṣe láti 2020 wá ní etí, ìyẹn máìkì, ó sì ń fi nọ́ńbà sọ bí ariwo ṣe pọ̀ tó, láti 0 dé 255. Kóòdù rẹ̀ kò le. Bí ọmọdé ṣe ń to búlọ́ọ̀kù ni wọ́n ṣe ń tò ó lórí MakeCode, ojú òpó tí wọ́n ti ń kọ kóòdù rẹ̀: bí ariwo bá kọjá iye báyìí, tan iná. Kẹ́hìndé á tò ó tán kí omi ẹ̀bà tó hó.

Iye wo wá ni? Ibẹ̀ ni iṣẹ́ wà. Bí ààlà bá kéré jù, ikọ́ lásán á tan iná. Bó bá ga jù, kíláàsì á dà bí ọjà Dùgbẹ̀, iná ò ní mira. Ọmọ kan ṣoṣo kò sì lè wá ààlà yẹn rí nínú yàrá rẹ̀ láago mọ́kànlá alẹ́, nígbà tí gbogbo ilé pa lọ́lọ́. Àfi kí ẹnìkan dúró lẹ́yìn kíláàsì kó sọ̀rọ̀, kó pàtẹ́wọ́, kó fa àga; kí ẹnìkan máa ka nọ́ńbà; kí ẹnì kẹta máa kọ ọ́ sílẹ̀; kí ẹnì kẹrin yí ààlà padà, kí wọ́n tún bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí Dàda ṣe irú rẹ̀, wọ́n rí i pé àga tí wọ́n ń wọ́ nílẹ̀ ń tan iná ju ẹnu èèyàn lọ, nítorí orí tábìlì ni ẹ̀rọ náà wà. Wọ́n gbé e kúrò níbẹ̀, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Kò sẹ́ni tó sọ fún wọn kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀. Páálí Táyé náà kì í ṣe yẹpẹrẹ: ẹ bi í bóyá ó ti lu ihò síbi tí máìkì wà. Bí páálí bá bò ó, etí ẹ̀rọ di nìyẹn, kóòdù tó dáa kò sì lè là á.

Ọ̀rọ̀ Kẹ́hìndé wá kù. Ẹ ní kó ṣí Slides yẹn níwájú yín, kó tẹ File, kó lọ síbi tí wọ́n kọ Version history sí. Gbogbo ohun tí wọ́n ti ṣe láti ọjọ́ kìíní á jáde, tòun ti ọjọ́, aago àti orúkọ ẹni tó ṣe é. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni Dàda fi sunkún sí mi létí pé òun nìkan lòun ń ṣiṣẹ́. A ṣí i, a rí i pé ọmọ kan kọ ojú ewé mẹ́ta lọ́sàn-án Sátidé, Dàda sì pa gbogbo rẹ̀ rẹ́ lálẹ́ ọjọ́ náà nítorí pé gírámà rẹ̀ kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Mo wo ọmọ mi, ọmọ mi wo ilẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ wo ìyẹn kẹ́ ẹ tó pe ọmọ ọlọ́mọ ní ọ̀lẹ.

Àmọ́ ẹ má fi ṣe adájọ́ pátápátá. Ẹni tó ń ronú tí ẹlòmíràn ń bá a tẹ̀ ẹ́, orúkọ rẹ̀ kò ní sí níbẹ̀. Àwọn tó ń kọ kóòdù jẹun a máa jókòó méjì-méjì sídìí kọ̀ǹpútà kan: ọ̀kan ni awakọ̀, òun ló di kíbọ́ọ̀dù mú, èkejì ni atọ́nà, òun ló ń wo ibi tí wọ́n ń lọ, tó sì ń tètè rí àṣìṣe. Tó bá ṣe díẹ̀, wọ́n á pààrọ̀ àyè. Èmi mọ èyí dáadáa. Lọ́sẹ̀ tí wọ́n kọ́kọ́ gbé ọ̀nà tuntun fún mi, ẹni tó dúró tì mí tó ń sọ pé "yà sí òsì" ló ṣiṣẹ́ jù. Kẹ́hìndé yín ò tíì gbé sítíárín fún ẹnikẹ́ni, ohun tí mo rí nìyẹn.

Ní ti wíwo ìwé ẹlòmíràn, èmi náà jẹ pàṣán tèmi n'Íbàdàn. Ṣùgbọ́n Scratch ni Dàda fi bẹ̀rẹ̀, ojú òpó tí ọmọdé ti ń kọ́ bí a ṣe ń to kóòdù, èyí tí àwọn ará yunifásítì MIT ní Amẹ́ríkà gbé jáde ní 2007, níbẹ̀ ẹnikẹ́ni lè ṣí inú iṣẹ́ ẹlòmíràn, kó mú un, kó tún un ṣe. Scratch fúnra rẹ̀ ló máa ń kọ orúkọ olóhun síbẹ̀. Ẹni tó yá nǹkan tó sì dárúkọ olóhun, ẹ ò lè pè é lólè. Ojú wa rí màbo nídìí rẹ̀ náà ṣá o. Ẹni méjì kò lè jọ máa tọwọ́ bọ iṣẹ́ kan náà lórí Scratch lẹ́ẹ̀kan náà bíi ti Google Docs. Dàda àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ kò mọ̀, pásíwọ́ọ̀dù kan ni wọ́n jọ ń lò, kálukú ṣí i nílé baba rẹ̀, ti ẹni tó fi pamọ́ kẹ́yìn sì bo ti ẹni àkọ́kọ́ mọ́lẹ̀. Iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta! Ẹkún ọjọ́ yẹn, aládùúgbò gbọ́ ọ. Nítorí náà, ẹnìkan ni kí ojúlówó kóòdù wà lọ́wọ́ rẹ̀, kí àwọn yòókù máa fi tiwọn ránṣẹ́ sí i.

WhatsApp? Rárá. WhatsApp fúnra rẹ̀ ní kí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 13 má lò ó. Ẹ̀gbẹ́ Slides níbẹ̀, níbi tí wọ́n ń pè ní Comments, ni kí wọ́n máa kọ ọ̀rọ̀ wọn sí, níbi tí tíṣà náà ti lè kà á.

Bó bá di ìpàdé òbí, ìṣẹ́jú mélòó kan ni wọ́n máa ń fúnni, ẹ má fi í ro ẹjọ́ ọmọ ẹlòmíràn. Ẹ bi tíṣà pé, "Báwo lẹ ṣe ń mọ ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ṣe?" Kẹ́ ẹ sì béèrè bóyá apá kan máàkì lè jẹ́ ti ọ̀wọ́, kí apá kejì jẹ́ ti ọmọ kọ̀ọ̀kan. Tíṣà Dàda gbà bẹ́ẹ̀, kò tilẹ̀ fajú ro. Ó tún ṣe ohun kan tó dùn mọ́ mi: lọ́jọ́ tí wọ́n ń ṣàlàyé iṣẹ́ wọn, òun ló ń nàka sí ẹni tí yóò dáhùn, ohun tí kì í ṣe iṣẹ́ ọmọ náà ló sì ń bi í. Ẹni tó to kóòdù, páálí ló bi í. Ẹni tó kun páálí, ó ní kó ṣàlàyé ààlà. Láti ọjọ́ yẹn ni wọ́n ti ń kọ́ ara wọn.

Lálẹ́ òní, ẹ gba Chromebook lọ́wọ́ Kẹ́hìndé láago mẹ́sàn-án. Yóò bínú, ẹ jẹ́ kó bínú. Kí slide mẹ́ta ṣófo di ọ̀la, kó kọ orúkọ àwọn mẹ́ta yòókù sórí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kó lọ sùn. Bí iná bá sì ti ń tàn, ẹ sọ iye tí wọ́n fi ṣe ààlà fún wa. Dàda ní tàwọn kò tíì tẹ́ òun lọ́rùn títí dòní.

Bàbá Dàda, Manchester