Ta ló ń fún kọ̀ǹpútà ilé ní àdírẹ́sì?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Àdírẹ́sì íntánẹ́ẹ̀tì tí mo rí lórí láptọ́ọ̀pù mi n'Ìbàdàn ni 192.168.1.5. Àbúrò mi l'Ábẹ́òkúta wo tirẹ̀, nọ́ńbà kan náà ló bá níbẹ̀. Ti kámẹ́rà ilé mi ni 192.168.1.8, mo tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù níbi iṣẹ́, kò ṣí. Ta ló ń pín nǹkan wọ̀nyí?

Ìdáhùn: Nọ́ńbà yàrá lẹ rí yẹn, kì í ṣe nọ́ńbà ojúlé. Ilé tó ní yàrá karùn-ún pọ̀ nílùú. Ẹni tó bá dúró sí títì tó ń pe "yàrá karùn-ún", ta ni yóò dá a lóhùn? Wọ́n dìídì ya àwọn nọ́ńbà tó fi 192.168 tàbí 10 bẹ̀rẹ̀ sọ́tọ̀ fún inú ilé ni.

Ráútà yín, ẹ̀rọ tó ń gbé Wi-Fi jáde nílé, ló ń pín wọn. Bí láptọ́ọ̀pù bá ti wọ Wi-Fi, á ké pé òun fẹ́ nọ́ńbà. Ráútà á mú èyí tó ṣófo yá a fún àkókò kan. Tí àkókò náà bá dé ìdajì, láptọ́ọ̀pù á tọrọ àfikún. DHCP lorúkọ ètò yìí. Bẹ́ ẹ bá rí nọ́ńbà tó fi 169.254 bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kan, láptọ́ọ̀pù ló ké, tí kò sẹ́ni tó dá a lóhùn, ló bá fúnra rẹ̀ mú nọ́ńbà. Ẹ pa ráútà, kẹ́ ẹ tún un tàn.

Ti ojúlé, ìyẹn àdírẹ́sì tí íntánẹ́ẹ̀tì fi ń mọ ilé yín láti ìta, ńkọ́? AFRINIC, àjọ kan ní erékùṣù Mauritius, ló ń pín in fún àwọn iléeṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì Áfíríkà. Iléeṣẹ́ tó ń fún yín ní íntánẹ́ẹ̀tì á wá yá ráútà yín ní ọ̀kan. Àmọ́ gbogbo àdírẹ́sì IPv4, irú àdírẹ́sì onínọ́ńbà mẹ́rin tẹ́ ẹ rí yìí, kò ju bílíọ̀nù 4.3 lọ, ìyókù tó wà ní àpò àgbáyé sì tán ní oṣù Kejì ọdún 2011. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ fi ń kó ilé púpọ̀ sábẹ́ àdírẹ́sì kan ṣoṣo.

Ẹ wo àdírẹ́sì WAN, ìyẹn èyí tí iléeṣẹ́ yín yá ráútà, nínú ráútà yín. Bó bá wà láàárín 100.64 sí 100.127, tàbí tó fi 10 bẹ̀rẹ̀, ẹ̀yin àtàwọn ẹlòmíì lẹ jọ ń lo ojúlé kan. Ẹni tó wà níta kò lè kan ilẹ̀kùn yín ní tààrà. Ẹ lè ní kí iléeṣẹ́ yín ta àdírẹ́sì tiyín gan-an fún yín. Ṣùgbọ́n nítorí kámẹ́rà nìkan, mi ò ní gbà yín níyànjú láti ṣílẹ̀kùn fún gbogbo ayé. Áàpù kámẹ́rà náà ni kẹ́ ẹ lò: kámẹ́rà fúnra rẹ̀ ló ń jáde lọ bá sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà ńlá, iléeṣẹ́ tó ṣe é, ibẹ̀ ni fóònù yín á ti bá a. Kẹ́ ẹ tó lò ó, ẹ kọ́kọ́ pààrọ̀ páásíwọ́ọ̀dù tó bá a wá láti inú páálí.