Wọ́n Gbé Eré Wa Lọ Kí Àpótí Tó Ṣí

ÌBÉÈRÈ YÍN, ÌDÁHÙN WA

Olóòtú ọ̀wọ́n,

Aránṣọ ni mí ní Ìsàlẹ̀ Àfọ̀n, Ògbómọ̀ṣọ́. Ó ti tó ọdún kan àti ààbọ̀ tí àwa ará àdúgbò ti ń pé jọ sí ṣọ́ọ̀bù mi ní alẹ́ Ọjọ́bọ̀ láti wo eré Yorùbá kan lórí tẹlifíṣọ̀n. Bí iná bá lọ, a ó dáwó epo jẹnẹrétọ̀, kò sì sí ẹni tí í ráhùn, nítorí pé ọ̀rọ̀ eré náà ti wọ̀ wá lára: baba kan kú, ó fi àpótí sílẹ̀, ìyáálé ní ọwọ́ ìyàwó kékeré ni kọ́kọ́rọ́ wà, ìyàwó kékeré ní òun kò fojú kàn án rí. Ní Ọjọ́bọ̀ kan, wọ́n rí kọ́kọ́rọ́ náà lábẹ́ ìkòkò omi, ìyáálé tì í bọ ojú àpótí, eré sì parí fún ọjọ́ náà. Nígbà tí Ọjọ́bọ̀ mìíràn pé, ìwàásù ni a bá níbẹ̀. Ó ti di oṣù mẹ́ta. Wọn kò sọ fún wa pé ó ti parí, wọn kò sì sọ pé yóò padà.

A ti kọ ìwé ẹ̀bẹ̀, àwọn tí ó fọwọ́ sí i sì ti lé ní igba. Àwọn ọ̀dọ́ ní kí a máa pariwo lórí Facebook. Bàbá kan tí ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba ní kí a kọ̀wé sí ìjọba. Ọkọ mi ní tiẹ̀ kàn rẹ́rìn-ín, ó ní ta ni ó gbọ́ ẹ̀bẹ̀ wa lórí iná mànàmáná tí a fi wá ń bẹ̀bẹ̀ nítorí eré. Ǹjẹ́ ẹ̀bẹ̀ àwọn òǹwòran ti dá eré padà rí? Báwo ni wọ́n ṣe ṣe é?

Ìyá Aránṣọ, Ògbómọ̀ṣọ́.

ÌDÁHÙN

Ìyá Aránṣọ, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú àfaradà. Mo ti yọ orúkọ eré náà àti ti ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n náà kúrò nínú lẹ́tà yín, nítorí pé a kò tíì gbọ́ tẹnu wọn, agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá sì ni àgbà òṣìkà.

Ẹ̀bẹ̀ ti dá eré padà rí, kì í sì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan. Ní Amẹ́ríkà, ní ìparí ọdún 1967, wọ́n gbọ́ pé ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n NBC tiwọn fẹ́ dá Star Trek dúró, eré àwọn arìnrìn-àjò ojú òfuurufú, nígbà tí ó wà ní ọdún kejì rẹ̀. Tọkọtaya kan, Bjo àti John Trimble, bẹ̀rẹ̀ sí í kàn sí àwọn olólùfẹ́ eré náà káàkiri pé kí kálukú fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ lẹ́tà tirẹ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 1968, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì Caltech tí wọ́n tó nǹkan bí igba, iye kan náà tí ó fọwọ́ sí ìwé tiyín, fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí ilé iṣẹ́ náà ní Burbank. Lẹ́tà tí NBC fúnra rẹ̀ kà lé ní 100,000, nígbà tí ó sì di oṣù kẹta, wọ́n kéde lórí afẹ́fẹ́, gẹ́rẹ́ tí eré ọjọ́ náà parí, pé yóò padà. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń bá ìtàn náà dé tí wọ́n á sì dákẹ́. Ohun tí ó tẹ̀ lé e ni pé wọ́n gé owó tí wọ́n ń ná lórí eré náà kù, wọ́n gbé e lọ sí aago mẹ́wàá alẹ́ ọjọ́ Ẹtì, nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ tí ó fẹ́ràn rẹ̀ jù kì í sí nílé, ó sì kógbá sílé ní 1969 lẹ́yìn tí ó pé apá 79.

Ìtàn tí mo fẹ́ kí ẹ fi ọkàn sí jù ni ti ẹ̀pà. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2007, ilé iṣẹ́ CBS, ní Amẹ́ríkà bákan náà, dá eré kan tí ń jẹ́ Jericho dúró. Nínú apá tí ó kẹ́yìn, wọ́n ní kí akọni eré náà túúbá fún ọ̀tá, ó sì fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo dá wọn lóhùn, “nuts”, ọ̀rọ̀ tí ó túmọ̀ sí ẹ̀pà àti irú èso bẹ́ẹ̀ ní èdè wọn, ṣùgbọ́n tí wọ́n tún fi ń sọ pé “ẹ kò níyè nínú”. Ọ̀rọ̀ yìí kan náà ni ọ̀gágun Amẹ́ríkà kan, McAuliffe, fi dá àwọn ará Jámánì lóhùn ní Bastogne nínú ogun ọdún 1944. Àwọn òǹwòran mú ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu akọni wọn, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í ra ẹ̀pà ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì CBS. Ó tó nǹkan bí 20 tọ́ọ̀nù. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ ní ọ̀nà tí àwọn alápò ọjà yín yóò fi mọ̀ ọ́n: bí a bá rọ ọ́ sínú àpò oníkílò 50, yóò lé ní 350 àpò. Nígbà tí ó di oṣù kẹfà, Nina Tassler, ẹni tí ó jẹ́ ọ̀gá àgbà ètò eré níbẹ̀, kọ̀wé sí wọn pé àwọn yóò ṣe apá méje sí i, ṣùgbọ́n kí wọ́n wá òǹwòran kún ara wọn. Ní ìsàlẹ̀ lẹ́tà náà ó wá bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jọ̀ọ́ má fi ẹ̀pà ránṣẹ́ mọ́. Apá méje náà jáde ní 2008, òǹwòran kò pọ̀ tó, wọ́n sì tún dá a dúró.

Ẹ wo ohun tí ẹ̀pà ṣe. Ìwé tí igba ènìyàn fọwọ́ sí, ìwé kan náà ni. Akọ̀wé yóò tì í bọ inú fáìlì, yóò sì bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ẹrù igba tí ó dé ní ọjọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ẹnìkan ní láti gbé e wọlé, ẹnìkan ní láti bèèrè pé kí ni èyí, ẹnìkan ní láti wá ibi tí wọn yóò kó o sí, kò sì sí ọ̀gá tí kò ní gbọ́ sí i.

Mo wá fẹ́ kí ẹ mọ ẹni tí ẹ ń bẹ̀, nítorí pé ibẹ̀ ni ìpolongo ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà. Nígbà tí tẹlifíṣọ̀n bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn ní oṣù kẹwàá ọdún 1959, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ni ó gbé e kalẹ̀, ó sì pẹ́ kí àwọn ilé iṣẹ́ aládàáni tó dara pọ̀ mọ́ ti ìjọba, lẹ́yìn òfin ọdún 1992. Lónìí, ti ìjọba ni o, ti aládàáni ni o, gbogbo wọn ni ó ń wá owó. Nínú ọ̀pọ̀ eré tí à ń wò, ẹni tí ó ṣe eré ni ó ń ra àkókò lórí afẹ́fẹ́, òun náà ni yóò sì wá onígbọ̀wọ́ tí yóò polówó ọjà nínú rẹ̀ kí owó rẹ̀ lè padà. Bí onígbọ̀wọ́ bá yọwọ́, eré yóò dúró, kódà bí gbogbo Ògbómọ̀ṣọ́ bá ń wò ó. Ìwàásù tí ẹ bá níbẹ̀ gan-an ni ó mú mi fura, nítorí pé àwọn oníwàásù sábà máa ń san owó àkókò wọn. Ó ṣeé ṣe kí ilé iṣẹ́ náà má kórìíra eré yín rárá, kí ó kàn jẹ́ pé ẹni tí ó ń san owó Ọjọ́bọ̀ ti yí padà.

Nítorí náà, kí ẹ tó fi ìwé kankan ránṣẹ́, ẹ ní kí ẹnìkan nínú àwọn ọ̀dọ́ tí ó bá ti gba díẹ̀ nínú eré náà sílẹ̀ sórí fóònù wo àwọn orúkọ tí ń kọjá ní ìparí rẹ̀, kí ó kọ orúkọ aṣagbátẹrù, ẹni tí ó ṣe eré náà, sílẹ̀ àti ti gbogbo ọjà tí wọ́n polówó láàárín eré, ìbáà jẹ́ ọṣẹ tàbí magí. Lẹ́tà mẹ́ta ni ẹ óò kọ: ọ̀kan sí aṣagbátẹrù, ọ̀kan sí ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n, èyí tí ó sì ṣe pàtàkì jù sí ilé iṣẹ́ tí ó ni ọjà tí wọ́n polówó. Ẹ má sọ fún ẹni tí ń ta ọṣẹ pé eré náà dùn. Ẹ sọ fún un pé ìdílé báyìí báyìí ní Ìsàlẹ̀ Àfọ̀n, Òkèlérin, Màsífà àti Ìjẹ̀rù ni ó rí ọṣẹ rẹ̀ nínú eré náà, kí ẹ sì kọ iye àwọn tí ó ń rà á nínú wọn. Kí ó jẹ́ òótọ́ o.

Ọ̀rọ̀ Facebook, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ ṣe é, bí wọn kò bá ti bú ẹnikẹ́ni. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2018, ilé iṣẹ́ Fox dá eré Brooklyn Nine-Nine dúró, ariwo gba orí íntánẹ́ẹ̀tì kan, nígbà tí yóò sì fi di ọjọ́ kejì, NBC ti gbà á. Àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ sọ pé ariwo àwọn ni. Ariwo náà ṣe ìrànwọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n Universal Television tí ó ń ṣe eré náà, ọmọ ìyá NBC ni, kò sì sí ẹni tí kò ní ṣílẹ̀kùn fún ọmọ ilé rẹ̀. Ní ti ìjọba, ẹ sọ fún bàbá náà pé àjọ tí ń ṣe àkóso ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́ ń fúnni ní ìwé àṣẹ, ó sì ń ṣọ́ ohun tí wọ́n ń gbé jáde. Kì í ṣe iṣẹ́ rẹ̀ láti fi ipá mú ẹnikẹ́ni gbé eré nítorí pé a fẹ́ràn rẹ̀. Ẹ sì bá mi kí ọkọ yín. Òótọ́ ni ó sọ nípa iná, àmọ́ àwọn tí ń ta iná fún wa kò bẹ̀rù pé a óò ya sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Àwọn onítẹlifíṣọ̀n mọ̀ pé bọ́tìnnì kan péré ni a óò tẹ̀.

Ohun tí ẹ ó bèèrè ńkọ́? Ẹ má bẹ̀ wọ́n pé kí eré náà máa lọ títí. Ẹ bèèrè ìparí rẹ̀. Netflix, ilé iṣẹ́ tí ń gbé eré jáde lórí íntánẹ́ẹ̀tì, dá eré Sense8 dúró ní 2017, àwọn òǹwòran kò sinmi, wọ́n sì fún wọn ní apá kan ṣoṣo, gígùn, ní 2018, kí ìtàn náà lè ní orí àti ìdí. Ẹni tí kò ní owó ọdún kan lè ní owó wákàtí méjì. Ẹ kọ́kọ́ bèèrè bóyá wọ́n ti ya ìyókù pàápàá, kí ẹ sì bèèrè kíákíá, nítorí pé ohun tí a yà máa ń sọnù: BBC fúnra rẹ̀ ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì pa ọ̀pọ̀ tépù àtijọ́ rẹ́, títí di òní ó lé ní 90 apá eré Doctor Who tí wọn kò rí mọ́. Àwọn òṣèré náà ń dàgbà. The Village Headmaster tí wọ́n gbé sáfẹ́fẹ́ láti 1968 títí di 1988 tún padà ní 2021, ṣùgbọ́n nígbà náà ọ̀pọ̀ nínú ojú tí a mọ̀ mọ́ ọn ti kúrò láyé.

Bí ẹ bá wá fẹ́ ẹ̀pà tiyín, ẹ ti ní in tẹ́lẹ̀. Ilé wo ni kò ní kọ́kọ́rọ́ ògbólógbòó kan nínú dúrọ́ọ̀, tí ẹnikẹ́ni kò rántí àgádágodo rẹ̀ mọ́? Ẹ so kọ́ọ̀kan mọ́ ìwé pélébé tí a kọ gbólóhùn kan sí: “A kò tíì mọ ohun tí ó wà nínú àpótí.” Kí kálukú kọ orúkọ rẹ̀ àti àdúgbò rẹ̀ sí i, kí ó dì í sínú àpò ìwé tirẹ̀, kí wọ́n má sì lọ ní ọjọ́ kan náà. Mo ti yẹ dúrọ́ọ̀ tèmi wò. Mo rí mẹ́ta, ọ̀kan ti dípẹtà débi pé eyín rẹ̀ ti jẹ tán. Èyí tí ó dára jù nínú wọn ń bọ̀ lọ́nà.

Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí ní Akẹ́sán, Ọ̀yọ́. Eré tí ẹnìkan láti Ògbómọ̀ṣọ́ kọ̀wé sí yín nípa rẹ̀, tí wọ́n ti ń sọ káàkiri, àwa náà ń wò ó. Èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi ń rò ó pé kí a dáwó jọ fún aṣagbátẹrù kí ó fi ṣe ìyókù. Ṣé ó bọ́gbọ́n mu?

ÌDÁHÙN

Wọ́n ti ṣe é rí. Ní oṣù kẹta ọdún 2013, àwọn tí ó ṣe Veronica Mars, eré tí wọ́n ti dá dúró láti 2007, béèrè mílíọ̀nù méjì dọ́là lọ́wọ́ àwọn òǹwòran nípasẹ̀ Kickstarter, ojú ìwé orí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi ń dáwó jọ. Owó náà pé kí ọjọ́ náà tó ṣú, nígbà tí wọ́n sì ti ìlẹ̀kùn, àwọn tí ó dáwó lé ní 91,000, owó náà sì jẹ́ mílíọ̀nù márùn-ún àti ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún méje dọ́là. Fíìmù náà jáde ní 2014. Ohun tí mo fẹ́ràn níbẹ̀ ni òfin Kickstarter: bí iye tí a béèrè kò bá pé lọ́jọ́ tí a dá, a kò ní gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ìyàtọ̀ tí ó wà níbẹ̀ ni pé àwọn tí ó ṣe eré ni ó béèrè owó náà. Ẹ̀yin kọ́kọ́ wá aṣagbátẹrù rí, kí ó sọ iye tí ìparí eré náà yóò ná an, kí ó sì kọ ọ́ sílẹ̀. Bí kò bá lè sọ iye, ẹ má dá kọ́bọ̀. Bí ó bá sọ ọ́, ẹ ṣe é bí àjọ tí ó ní alájọ tí gbogbo yín mọ ilé rẹ̀, kí ẹ dá ọjọ́ tí owó yóò padà sọ́wọ́ olówó bí kò bá pé. Èmi dá owó fún fíìmù kan nígbà kan, n kò béèrè ọjọ́ kankan. Títí di bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí, fìlà kan tí wọ́n kọ orúkọ fíìmù náà sí ni mo rí gbà, kò sì bá mi lórí mu.