Ṣé kí n fi Mustang 2012 mi gba 2018? Ìdáhùn sí ìbéèrè yín lórí ọkọ̀

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mustang GT 2012 ni mò ń wà, ẹ́ńjìnì 5.0, jíà ọtọmátíìkì. Tòkunbọ̀ ni mo rà á, ó sì ti rin máìlì 96,000. Yàtọ̀ sí ariwo kan tó ń ti ẹ̀yìn wá bí mo bá gun bọ́ǹpù, kò yọ mí lẹ́nu rí. Dílà kan ní Jabi ní kí n gbé e wá, kí n fowó lé e, kí òun fún mi ní GT 2018 tó ní jíà mẹ́wàá. Ìyàwó mi ní ṣé ọkọ̀ tí mo ti mọ ìwà rẹ̀ ni mo fẹ́ fi gba èyí tí n kò mọ ìwà rẹ̀. Kí ni ẹ rí sí i?
Olùkàwé, Gwarinpa, Abuja

ÌDÁHÙN: Ìyàwó yín ti sọ ìdajì ọ̀rọ̀ náà. Inú jíà ni ìdajì tó kù wà, a ó sì dé ibẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ohun tí owó yín fẹ́ rà. Agbára ẹṣin 412 ni tiyín ní, 460 ni ti 2018. Orúkọ 5.0 ni àwọn méjèèjì ń jẹ́, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnì wọn kì í ṣe ọ̀kan náà mọ́. Ní 2018, Ford fẹ ihò písítínì láti mílímítà 92.2 sí 93, wọ́n gbé ìfúnpọ̀ rẹ̀ (iye ìlọ́po tí sílíńdà ń fún afẹ́fẹ́ àti epo pọ̀) láti 11 lọ sí 12, wọ́n sì fi nọ́sù mìíràn kún un tó ń tu epo sínú sílíńdà gan-an, láfikún sí ti àtijọ́ tó ń tu ú sójú ọ̀nà afẹ́fẹ́.

460 yẹn, epo oní-93 ti Amẹ́ríkà ni wọ́n fi kà á; nọ́ńbà yìí ló ń sọ bí epo ṣe lè fara da ìfúnpọ̀ tó láìgbiná ṣáájú àkókò. Epo 91 tí a ń rà níbí, tí wọ́n ń fi RON wọ̀n, kò ju 87 tiwọn lọ. Ford gbà kí a fi 87 wa ọkọ̀ náà, kò ní ba ẹ́ńjìnì jẹ́. Ṣùgbọ́n bí sẹ́ńsọ̀ bá ti gbọ́ pé iná ń kàn nínú sílíńdà, kọ̀ǹpútà á fa iná púlọ́ọ̀gì sẹ́yìn, agbára á sì wálẹ̀. Òótọ́ ni pé epo tó dára ni wọ́n fi ka 412 tiyín náà, àmọ́ bí ìfúnpọ̀ bá ṣe ga sí i ni epo tí kò tó ṣe ń fà á sẹ́yìn sí i, pàápàá nínú ooru oṣù kẹta. Nítorí náà, nínú agbára ẹṣin 48 tí ẹ fẹ́ fowó lé ọkọ̀ nítorí rẹ̀, apá kan wà tí kò ní tẹ̀ yín lọ́wọ́. Bí ọ̀wọ́n epo bá sì dé, tí ẹ rà á nínú jẹ́ẹ̀rìkáànì lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, omi tó bá wà níbẹ̀ lè jẹ́ kí 2012 máa wúkọ́ lásán. Ní 2018, pọ́ńpù alágbára tó ń ti epo sí nọ́sù tuntun yẹn ló lè lọ sí i, owó rẹ̀ kì í sì í ṣe owó kékeré.

Ohun tí ara yín máa mọ̀ lójoojúmọ́ ni ẹ̀yìn ọkọ̀. Ọ̀pá ààsì kan ṣoṣo ló so táyà ẹ̀yìn méjèèjì pọ̀ nínú tiyín. Bí ti òsì bá já sí kòtò, ti ọ̀tún á fì pẹ̀lú rẹ̀, gbogbo ìdí ọkọ̀ á jù. Láti 2015 ni táyà ẹ̀yìn kọ̀ọ̀kan ti ń dá gbéra, dá sọ̀. Ẹni tó ń gba ọ̀nà Nyanya lọ sí Karu kò nílò kí a ṣàlàyé èyí fún un.

Ó wá ku jíà. 6R80, oníjíà mẹ́fà, ló wà nínú GT ọtọmátíìkì láti 2011 títí dé 2017. Ní 2018 ni wọ́n gbé 10R80, oníjíà mẹ́wàá, wọ inú rẹ̀. Bí 10R80 bá dá ṣáṣá, ó ń yára, ó sì ń dín epo kù ní ọ̀nà jíjìn. Ṣùgbọ́n ìkòkò irin kan wà nínú rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní CDF drum, tí bushing (òrùka irin) inú rẹ̀ máa ń rìn kúrò ní ààyè rẹ̀. Bó bá ti rìn, á dí ihò tí ọ́ìlì ń gbà kọjá, kílọ́ọ̀ṣì inú jíà kò ní rí agbára ọ́ìlì tó yẹ gbà. Ìgbà náà ni ọkọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í fò bí ẹni tí wọ́n gbá lẹ́yìn bó bá ń pààrọ̀ jíà, tàbí kó kọ́kọ́ rò ó kó tó gbé jíà. Àtúnṣe rẹ̀ ni kí wọ́n sọ jíà kalẹ̀, kí wọ́n tú u pátápátá, kí wọ́n sì fi ìkòkò tuntun sí i. Ẹni tó lè ṣe é dáadáa ní Apo tàbí Kugbo kò pọ̀.

Ọ́ìlì rẹ̀ náà yàtọ̀. Mercon LV ni 6R80 ń lò. Mercon ULV, tó ṣàn ju bẹ́ẹ̀ lọ, ni 10R80 ń lò. Mẹkáníìkì tó bá lọ bu ọ́ìlì pupa inú dúrọ́ọ̀mù, tó ní ATF (ọ́ìlì jíà ọtọmátíìkì) ni gbogbo wọn, ti ba jíà jẹ́ nìyẹn. Bákan náà ni ọ́ìlì ẹ́ńjìnì: lítà 7.6 ni ti 2012, lítà 9.5 ni ti 2018. Kégi oní-lítà mẹ́rin méjì tí gbogbo ènìyàn ń rà fi lítà kan àbọ̀ dín fún 2018. Ẹ wo ọ̀pá ọ́ìlì ọkọ̀ tí dílà ń tà. Ibẹ̀ lẹ ó ti mọ irú ọwọ́ tó ń tọ́jú rẹ̀.

Bí ẹ bá lọ wà á wò, òwúrọ̀ ni kí ẹ lọ, ẹ sì gbé ọwọ́ lé bónẹ́ẹ̀tì kí wọ́n tó ṣí i. Bó bá ti gbóná, ẹnìkan ti mú un gbóná de yín. Ẹ wà á fún ogójì ìṣẹ́jú ó kéré tán: ẹ gba Airport Road, kí ẹ sì padà gba Berger nígbà tí sún kẹrẹ fà kẹrẹ bá wà níbẹ̀. Ẹ tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́, kí ẹ máa fetí sí bó ṣe ń gorí jíà kékeré dé àárín, àti bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ bí ẹ bá fẹ́ dúró. Bó bá lu gbì, ẹ padà sílé. Ọgbọ́n kan tún wà tí àwọn kan ń dá: wọ́n á pa ìrántí kọ̀ǹpútà rẹ́ kí ẹ tó dé, kí iná ẹ́ńjìnì má baà tàn. Sìkánà kékeré á tú wọn fó. Ẹ lọ sí ibi tó ń fi àwọn ìdánwò inú ọkọ̀ hàn. Bí púpọ̀ nínú wọn bá jẹ́ «not ready», wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pa nǹkan rẹ́ ni, tàbí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ bátìrì. Kò sí ọkọ̀ tó ti ń rìn láti oṣù tó kọjá tó yẹ kó rí bẹ́ẹ̀.

Ẹ ka VIN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọkọ̀, fúnra yín ní ìsàlẹ̀ gíláàsì iwájú. Lẹ́tà kẹjọ gbọ́dọ̀ jẹ́ F, òun ni ẹ́ńjìnì 5.0. Lẹ́tà kẹwàá ni ọdún: F ni 2015, G ni 2016, H ni 2017, J ni 2018. Ẹ má fojú wo bọ́ńpà nìkan, nítorí wọ́n ń pààrọ̀ ojú 2015 sí ti 2018, ó sì ń bá a mu. VIN náà gbọ́dọ̀ bá ti ẹnu ilẹ̀kùn àti ti ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù mu, lẹ́tà kan kò gbọ́dọ̀ yàtọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ fa bẹ́líìtì síìtì ẹ̀yìn jáde títí yóò fi dúró. Ẹrẹ̀ tó bá gbẹ mọ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti sọ fún yín pé omi ti mu ọkọ̀ náà rí ní Amẹ́ríkà. Kò sí ẹni tó máa ń rántí fọ ibẹ̀.

Èrò tiwa nìyí: ẹ má gba 2018 yẹn àfi bí jíà rẹ̀ bá yege pátápátá, tí ìtàn rẹ̀ sì wà nínú ìwé. Bó bá jẹ́ ara tó ń ro yín láti pààrọ̀ ọkọ̀, 2015 sí 2017 ni kí ẹ wá. Agbára ẹṣin 435 ló ní, ẹ̀yìn rẹ̀ ti di èyí tó ń dá gbéra, ìfúnpọ̀ rẹ̀ ṣì jẹ́ 11, nọ́sù rẹ̀ kò tíì di méjì, jíà mẹ́fà tí ẹ mọ̀ ló sì wà nínú rẹ̀. Àwọn dílà kì í fẹ́ tà á fún ẹni tó lówó lọ́wọ́, wọ́n á ní ojú rẹ̀ ti pẹ́.

Bí ẹ bá ní ẹ ó mú tiyín dání, ẹ kọ́kọ́ yẹ ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn àti bushing rọ́bà apá òkè tó di ọ̀pá ààsì mú láàárín. Ibẹ̀ ni ariwo bọ́ǹpù yẹn ti sábà ń wá, kò sì tó ohun tí a ń tìtorí rẹ̀ ta ọkọ̀. Èyí tó le ni pé GT 2012 ọtọmátíìkì wà lára àwọn tí Ford pè padà ní 2016, nítorí pé jíà lè já sí nọ́ńbà kìíní lójijì lórí eré. Sọfutiwíà tuntun nínú kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnì ni àtúnṣe rẹ̀. Ẹ tẹ VIN yín sí ojú òpó NHTSA, àjọ ààbò ojú ọ̀nà ti Amẹ́ríkà, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ ó rí i bóyá wọ́n ti ṣe é kí ọkọ̀ náà tó wọ ọkọ̀ ojú omi.

Ní ti owó, ẹ má gba iye kan ṣoṣo lẹ́nu dílà. Ẹ bi í pé èló ni òun ń ta 2018 fún ẹni tó mú owó wá láìmú ọkọ̀ wá, kí ẹ sì jẹ́ kí ẹni méjì mìíràn dá owó lé tiyín. Ká ní ó bu mílíọ̀nù mẹ́ta lé tirẹ̀, ó sì bu mílíọ̀nù méjì kúrò lára tiyín, mílíọ̀nù márùn-ún ti lọ, ẹ̀yin á sì máa rò pé àlékún lásán lẹ san. Bí ẹ bá sì gbà, ẹ rí i pé ìwé ìyípadà orúkọ jáde ní ọ̀dọ̀ VIO kí tiyín tó kúrò ní ọwọ́ yín. Ọkọ̀ tó bá ṣì ń jẹ́ orúkọ yín, ẹ̀yin ni wọ́n ń wá bó bá lu ènìyàn.

ÌBÉÈRÈ: V6 2013 ni tèmi, 3.7. Omi ń jò níwájú ẹ́ńjìnì. Mẹkáníìkì ní pọ́ńpù omi inú ẹ́ńjìnì ló bàjẹ́, pé kí n tà á kó tó pa ẹ́ńjìnì. Iná airbag náà ń tàn, rewáyà ní òun lè pa á.
Olùkàwé, Kaduna

ÌDÁHÙN: Ford Edge ló ń rò. Nínú Edge àti Explorer tó ń fi táyà iwájú wọ́, inú ẹ́ńjìnì ni pọ́ńpù omi wà, ṣéènì ló ń yí i, bó bá sì jò, omi lè dà pọ̀ mọ́ ọ́ìlì. Nínú Mustang, ìta ni ó wà, bẹ́líìtì ló ń yí i. Wọ́n á yọ bẹ́líìtì, wọ́n á tú bóòtù rẹ̀, wọ́n á fi tuntun àti gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun sí i, ó parí.

Airbag ni kí ẹ má fi ṣeré. Mustang 2005 sí 2014 wà lára àwọn tí wọ́n pè padà nítorí inflator (ohun tó ń fẹ́ airbag) tí ilé-iṣẹ́ Takata ṣe. Èròjà tó ń bú gbàù nínú rẹ̀ ń bàjẹ́ bí ooru àti ọ̀rinrin bá ń bá a jà lọ́dún dé ọdún, ọkọ̀ tó ti lo ọdún pípẹ́ nínú oòrùn Kaduna sì ti rí ooru tó. Bó bá bú, irin ìdí rẹ̀ lè fọ́ sí ojú ẹni tó ń wakọ̀. Ìyẹn yàtọ̀ sí iná tó ń tàn; iná lè tàn nítorí wáyà abẹ́ síìtì lásán, inflator tó bàjẹ́ kì í sì í tan iná kankan. Ẹ yẹ VIN wò. Kí rewáyà má pa iná náà, kí ẹ má sì ra airbag àlòkù ti Mustang mìíràn tó jẹ́ ẹgbẹ́ rẹ̀, nítorí inflator kan náà lè wà nínú rẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Jos ni mò ń gbé. Ẹnìkan ní EcoBoost 2.3 dára ju V8 lọ níbí. Ṣé òótọ́ ni?
Olùkàwé, Jos

ÌDÁHÙN: Ó ní ìdí. Jos ga tó mítà 1,200 sí òkun, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ sì fúyẹ́ tó ìdá méjìlá nínú ọgọ́rùn-ún ju ti etí òkun lọ. V8 tí kò ní tọ́bò ń pàdánù agbára tó sún mọ́ iye yẹn. 435 á di bíi 383. EcoBoost oní-310 ní tọ́bò tó ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀, nítorí náà kì í pàdánù tó bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, 383 ṣì ju 310 lọ. Bó bá jẹ́ epo lẹ fẹ́ ṣọ́, ẹ mú EcoBoost. Lẹ́tà kẹjọ VIN rẹ̀ á jẹ́ H. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n ta èyí tó wá láti Ìlú Ọba fún yín ní ọ̀pọ́. Láti 2015 ni Ford ti ń ṣe Mustang tí ọwọ́ ìdarí rẹ̀ wà ní ọ̀tún, ọwọ́ ọ̀tún títì sì ni Nàìjíríà ti ń rìn láti 1972.

ÌBÉÈRÈ: Mo ti fi 2011 mi gba 2016. Ṣé mo lè kó rímù àtijọ́ mi sí i?
Olùkàwé, Minna

ÌDÁHÙN: Ihò rẹ̀ bá a mu, márùn-ún ní mílímítà 114.3, àárín rẹ̀ náà bá a mu. Nọ́ọ̀tì ni kò bá a mu: ìdajì íǹṣì ni ti 2011, M14 × 1.5 ni ti 2016. Ẹ ra nọ́ọ̀tì tuntun ogún, kí ẹ sì rí i pé ihò rímù gba a dáadáa. Bí 2016 yín bá jẹ́ èyí tó ní bírékì ńlá, ẹ gbé rímù kan wọ iwájú kí ẹ tó ra ohunkóhun, nítorí ó lè kan bírékì. Bí táyà àtijọ́ bá wà lórí rímù náà, ẹ wo nọ́ńbà mẹ́rin lára rẹ̀ láti mọ ìgbà tí wọ́n ṣe é: 2319 jẹ́ ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019. Agbára 204 Nm ni kí wọ́n fi fún nọ́ọ̀tì náà, kì í ṣe 135 ti àtijọ́, kí wọ́n sì tún un fún lẹ́yìn kìlómítà 160.