Ẹyin mẹ́jọ, ọmọ kankan ò jáde: kí ló ṣe bọ́jì mi?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Dókítà. Ó ti lé lọ́dún kan tí mo ra bọ́jì méjì (ẹyẹ kékeré tó jọ odídẹrẹ́, tí òyìnbó ń pè ní budgerigar) níbí ní Ìbàdàn, ọ̀kan aláwọ̀ ewé, èkejì aláwọ̀ ojú ọ̀run. Ẹni tó tà wọ́n fún mi ní akọ àti abo ni wọ́n. Wọ́n fẹ́ràn ara wọn gan-an, wọ́n máa ń fi ẹnu bọ́ ara wọn. Nígbà tí mo so ìkòkò amọ̀ kékeré kan mọ́ inú kéèjì, wọ́n wọ inú rẹ̀, ẹyin mẹ́jọ sì pé níbẹ̀ láàárín ọjọ́ 9. Ọjọ́ kan tilẹ̀ wà tí mo bá ẹyin tuntun méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n sàba fún ọjọ́ 26, ọmọ kankan ò jáde. Awọ imú aláwọ̀ ewé pọ́n bíi kòkó. Ti èkejì jẹ́ búlúù fẹ́ẹ́rẹ́ nígbà tí mo rà á, ṣùgbọ́n ó ti ń di búráùn báyìí. Jéró nìkan ni wọ́n ń jẹ. Ṣé kí n ra òògùn ìbímọ fún wọn ni, àbí kí n tà wọ́n?

ÌDÁHÙN: Ẹ má tà wọ́n, ẹ má sì ra òògùn kankan. Àlàyé tí ẹ ṣe ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dáhùn ìbéèrè yín tán: abo méjì ló wà nínú kéèjì yín, kò sí akọ níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi ìṣirò bẹ̀rẹ̀. Abo bọ́jì kì í yé lójoojúmọ́ bí adìyẹ àgbébọ̀. Ó máa ń fo ọjọ́ kan kó tó tún yé, nǹkan bíi wákàtí 48 láàárín ẹyin kan àti èyí tó tẹ̀ lé e. Kí ẹyin abo kan ṣoṣo tó pé mẹ́jọ, á gbà á tó ọjọ́ 15. Ti yín pé mẹ́jọ lọ́jọ́ 9, ẹ sì bá ẹyin tuntun méjì lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Abo kan ò lè ṣe é. Mẹ́rin sí mẹ́fà ló wọ́pọ̀ fún abo kan. Nígbà tí ìtẹ́ bá yára kún fún ẹyin mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá, abo méjì ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí, kí ẹ tó ronú kan àìsàn.

Ẹ̀rí kejì wà ní imú wọn. Odídẹrẹ́ ilẹ̀ wa, ojú lásán ò tó láti mọ akọ yàtọ̀ sí abo. Ti bọ́jì yàtọ̀. Awọ kékeré tó wà lókè ẹnu rẹ̀, níbi tí ihò imú méjèèjì wà, ló ń sọ ọ́. Tí akọ bá ti dàgbà, awọ yìí á jẹ́ búlúù tó dọ́gba látòkè délẹ̀, títí dé etí ihò imú. Ti abo tó ti ṣe tán láti yé á jẹ́ búráùn, ó sì lè nípọn kó rí gbágungbàgun. Abo tí kò tíì ṣe tán ló máa ń da àwọn tó ń tà á láàmú: awọ imú tirẹ̀ máa ń jẹ́ funfun tí búlúù fẹ́ẹ́rẹ́ wà lára rẹ̀, ẹni tó bá wò ó fìrí á ní akọ ni. Etí ihò imú ni kí ẹ máa wò. Bí òrùka funfun bá yí i ká, abo ni. Èyí tí ẹ rà ní búlúù fẹ́ẹ́rẹ́ tó wá ń di búráùn, ó dàgbà ni.

Nǹkan méjì kan wà tó lè ṣini lọ́nà níbẹ̀. Àwọn bọ́jì funfun báláú tàbí yẹ́lò tí ẹyinjú wọn pupa, awọ imú akọ wọn kì í di búlúù láéláé. Bíi àwọ̀ pọ́pù tó mọ́ra ló máa ń wà títí ayé rẹ̀. Èkejì ni pé akọ àgbà tó ti ní imú búlúù fún ọdún púpọ̀, tí imú náà wá ń di búráùn, ó lè jẹ́ pé kókó kan ló ń wú ní kóró ẹpọ̀n rẹ̀. Irú ẹyẹ bẹ́ẹ̀, ọ̀dọ̀ dókítà ẹranko ni kí ẹ gbé e lọ.

Ti pé wọ́n ń fi ẹnu bọ́ ara wọn, abo méjì máa ń ṣe bẹ́ẹ̀, akọ méjì náà máa ń ṣe é. Bọ́jì kì í fẹ́ dá gbé, ẹni tó bá bá nínú kéèjì ló máa ń fi ṣe ọ̀rẹ́.

Kí ẹ tó da àwọn ẹyin náà nù, ẹ fọ́ wọn wò, nítorí ẹyin tí kò pa ni ẹlẹ́rìí tó dára jù lọ tí olùsìn ẹyẹ ní. Ẹ fi ọ̀rá wé ọwọ́, ẹ jáde síta, kí ẹ máa fọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan sínú àwo funfun. Bí ẹ bá rí pupa ẹyin àti omi rẹ̀ lásán, tí kò sí ipa ẹ̀jẹ̀ kankan, akọ ò kàn án. Èyí ni mo retí pé ẹ máa bá nínú gbogbo mẹ́jọ. Bí ẹ bá rí òrùka ẹ̀jẹ̀ tín-ín-rín, akọ ti kàn án, ọmọ ti bẹ̀rẹ̀, ó sì kú láàárín ọjọ́ díẹ̀ àkọ́kọ́. Ó lè jẹ́ pé ẹyin tutù nítorí pé wọ́n ń dẹ́rù ba abo tó ń dìde ṣáá, tàbí pé ẹnì kan ń gbé ẹyin mì, tàbí pé ìdọ̀tí ìgbẹ́ kó àrùn wọ inú rẹ̀. Bí ó bá wá jẹ́ pé ọmọ ti pé, ó ti hu ẹnu, ó wá kú sínú èèpo, afẹ́fẹ́ tó gbẹ jù tàbí oúnjẹ abo tí kò pé ni kí ẹ lọ wá ìdí rẹ̀ sí.

Àwọn tó dá lójú pé akọ wà lọ́wọ́ wọn, tí ẹyin wọn ṣì ń jẹ́ irú àkọ́kọ́, kí wọ́n lọ yẹ ọ̀pá tí ẹyẹ ń bà lé wò. Lórí ọ̀pá ni bọ́jì ti ń gùn. Bí ọ̀pá náà bá ń yí tàbí tó ń yọ̀, akọ á máa já bọ́ kó tó parí ohun tó ń ṣe. Ẹ̀ka igi gúáfà tó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 1 sí 1.5, tí ẹ dè mọ́lẹ̀ pinpin lápá méjèèjì, ń yanjú ọ̀pọ̀ ìṣòro tí àwọn èèyàn ń ra òògùn sí.

Ohun tí ẹ máa ṣe báyìí: ẹ kó gbogbo ẹyin náà kúrò, kí ẹ sì yọ ìkòkò náà. Bí wọn ò bá tíì pé ọjọ́ 23 lórí ẹyin, n ò ní gbà yín nímọ̀ràn láti kó o, torí pé abo tí wọ́n bá tètè kó ẹyin rẹ̀ á tún yé òmíràn, egungun ara rẹ̀ ló sì ń yá lò fún èèpo ẹyin. Ti yín ti kọjá ìyẹn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n sinmi fún nǹkan bí oṣù mẹ́ta láìsí ìtẹ́ kankan nítòsí.

Nínú oṣù mẹ́ta yẹn, ẹ wá akọ méjì. Mo ní méjì nítorí pé abo méjì, akọ kan, ìtẹ́ kan, ìjà ló ń fà, abo bọ́jì sì lè ja ìjà náà títí ọ̀kan á fi kú. Kí tọkọtaya kọ̀ọ̀kan ní kéèjì tirẹ̀, tó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 60, tí àlàfo irin rẹ̀ kò ju 1.2 lọ. Akọ tí ẹ máa rà kò gbọdọ̀ kéré sí oṣù 10; ọdún kan ló dára jù. Ẹ wo iwájú orí rẹ̀: bí ìlà dúdú bá ṣì wà láti òkè orí wá dé imú, ọmọdé ni, kò tíì ju oṣù mẹ́rin lọ.

Yàrá ọ̀tọ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ fi akọ tuntun sí fún ọjọ́ 30. Bọ́jì lè gbé àrùn kan tí dókítà ń pè ní psittacosis sára láìfi hàn. Eruku ìgbẹ́ gbígbẹ ló ń gbé e, ó sì ń mú èèyàn: ibà, ẹ̀fọ́rí, ikọ́ gbígbẹ. Bí irú rẹ̀ bá ṣe ẹnikẹ́ni nínú ilé, ẹ sọ fún dókítà nílé ìwòsàn pé ẹ ń sin ẹyẹ, nítorí kò ní wá sí i lọ́kàn fúnra rẹ̀. Ẹ má sì da kápúsù tetracycline ti èèyàn sínú omi ẹyẹ. Ìwọ̀n rẹ̀ kò lè dọ́gba, káláṣíọ̀mù inú oúnjẹ ẹyẹ sì ń so mọ́ irú òògùn bẹ́ẹ̀, kì í jẹ́ kó wọ ara.

Ìkòkò amọ̀ kì í ṣe ohun búburú, ṣùgbọ́n n kì í fẹ́ràn rẹ̀. Ẹ ò lè ṣí i wò, ó ṣòroó fọ̀, ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì ń yọ̀. Ọmọ tó bá dàgbà lórí ohun tó ń yọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì á yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, kò sì ní lè dúró mọ́. Ẹ ní kí káfíńtà fi páálí igi tí wọn ò kun kan àpótí tó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 25, tó fẹ̀ tó 15, tó ga tó 18. Kí ihò ẹnu rẹ̀ jẹ́ 4.5, kí ìlẹ̀kùn kékeré wà lẹ́yìn rẹ̀. Kí wọ́n gbẹ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀ kòtò bí àwo pẹrẹsẹ, kó jìn tó sẹ̀ǹtímítà 1.5, ibi tí ẹyin á máa kóra jọ sí. Ẹ da èérún pákó tí káfíńtà fá sí i, kó tó ìka méjì. Kì í ṣe lẹ́búlẹ́bú igi o, eruku ìyẹn ń dí imú ọmọ.

Ọ̀rọ̀ jéró nìkan ló kọ mí lóminú jù nínú lẹ́tà yín. Jéró ń fúnni lágbára, àmọ́ káláṣíọ̀mù rẹ̀ kò tó nǹkan, fítámì A sì ṣọ̀wọ́n nínú rẹ̀. Ẹyẹ kan tó wọn gíráàmù 30 sí 40 péré ti yé ẹyin mẹ́rin lórí oúnjẹ yìí, ìyanu ló jẹ́ pé ẹyin kò há sí i nínú. Ẹ se èèpo ẹyin adìyẹ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ sá a kó gbẹ, ẹ lọ̀ ọ́, kó wà nínú àwo kékeré lójoojúmọ́. Ìkarahun lílọ̀ tí wọ́n ń tà níbi oúnjẹ adìyẹ náà dára. Ẹ rẹ jéró díẹ̀ sínú omi fún wákàtí 12, ẹ ṣàn án dáadáa, kó wà nínú asẹ́ títí á fi hù ṣónṣó, ọjọ́ kejì ni ó ti ṣeé fún wọn. Ẹ fi kárọ́ọ̀tì rírìn, ẹ̀fọ́ ṣọkọ àti àgbàdo tútù kún un. Lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, ẹyin sísè tí ẹ fọ́ mọ́ kárọ́ọ̀tì; wákàtí méjì ni kó pẹ́ mọ, kí ẹ kó o kúrò, ooru ń bà á jẹ́. Oòrùn àárọ̀ tí kò gba inú gíláàsì fèrèsé kọjá, bí ogún ìṣẹ́jú, pẹ̀lú ibòji lápá kan kéèjì, ló ń jẹ́ kí káláṣíọ̀mù náà wọ ara.

Àwo tó dà bíi pé ó kún lè jẹ́ èèpo lásán. Bọ́jì ń bó èèpo jéró, ó ń fi í sílẹ̀ lórí èyí tó kù. Ẹ máa fẹ́ ẹ dànù láràárọ̀. Ẹyẹ tí ebi pa kú nítòsí àwo tó kún pọ̀.

Ẹ má fún wọn ní píà rárá, ó ń pa wọ́n. Ẹ gbé wọn jìnnà sí èéfín jẹnẹrétọ̀, òògùn ẹ̀fọn, àti páànù ìdíńǹkan tí oúnjẹ kì í lẹ̀ mọ́: bí páànù yẹn bá gbóná jù, afẹ́fẹ́ tó ń jáde lára rẹ̀ ń pa bọ́jì láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀.

Ní ti àkókò, ilẹ̀ gbígbẹ Australia ni ẹyẹ yìí ti wá. John Gould, onímọ̀ nípa ẹyẹ tó jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló kó wọn lóòyẹ̀ dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1840. Ní Australia, ìgbà tí òjò bá rọ̀ tí koríko sì so ni wọ́n ń yé. Ìdí nìyẹn tí jéró híhù àti afẹ́fẹ́ tó ní ọ̀rinrin fi ń jí wọn láti yé. Èmi á dúró de oṣù òjò kí n tó gbé àpótí wọlé. Inú ọyẹ́ ni ọmọ ti ń gbẹ mọ́ èèpo jù. Bí ẹyin bá ti wà nílẹ̀ kí ọyẹ́ tó dé, ẹ gbé abọ́ omi pẹrẹsẹ sí kéèjì kí abo lè wẹ̀, ìyẹ́ àyà rẹ̀ tó tutù á gbé ọ̀rinrin lọ bá ẹyin.

Bí ẹ bá rí abo tó jókòó sí ìsàlẹ̀ kéèjì, tó wú ìyẹ́, tí ìrù rẹ̀ ń lọ sókè sódò bó ṣe ń mí, ẹyin ti há sí i. Wákàtí díẹ̀ lẹ ní. Ẹ fi sínú páálí kékeré, ẹ wé ìgò omi gbígbóná ní táwẹ́lì sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí ibẹ̀ gbóná tó 30°C, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko. Ẹ má fi ọwọ́ tẹ ikùn rẹ̀. Ẹyin tó bá fọ́ sínú ń pa á.

Tí ẹyin àkọ́kọ́ bá bọ́, ẹ kọ ọjọ́ rẹ̀ sára kàlẹ́ńdà, kí ẹ kọ ti èyí tó tẹ̀ lé e pẹ̀lú. Láti ọjọ́ tí abo bá bẹ̀rẹ̀ sí í sàba, ọjọ́ 18 ni ẹyin kọ̀ọ̀kan ń lò. Lọ́jọ́ 6 tàbí 7, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì kékeré sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ nínú òkùnkùn láìgbé e jáde. Bí ẹ bá rí iṣan pupa tó tàn kálẹ̀ bí gbòǹgbò, akọ ti kàn án.