Kí ni lọ́yà ń wá ní bárékè?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọbìnrin mi ṣẹ̀ṣẹ̀ di lọ́yà, ó wá ní iṣẹ́ ológun lòun ń lọ. Ìyá rẹ̀ ò rí oorun sùn mọ́. Ṣé ìbọn ni yóò máa gbé ni, àbí ìwé? Bí sójà bá sì ṣẹ̀, ṣé lọ́yà tó wọ aṣọ kan náà pẹ̀lú ọ̀gá tó fẹ̀sùn kàn án lè gbèjà rẹ̀ lóòótọ́?

ÌDÁHÙN: Ẹ bá mi pẹ̀tù sí ìyá wọn nínú. Yóò kọ́ ìbọn yíyìn, ológun sáà ni, àmọ́ ìwé ni yóò pọ̀ jù lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́, ọ̀pọ̀ àárọ̀ ni n kì í gbọ́ ọ̀rọ̀ ogun rárá: sójà tó ń lọ sójú ogun fẹ́ ṣe ìwé ìpíngún, onílé ń yọ òmíràn lẹ́nu.

Ti ogun náà wà ńbẹ̀ o. Àfikún Kìíní ọdún 1977 sí Àdéhùn Geneva ti 1949 (òfin àgbáyé lórí bí a ṣe ń jagun), abala 82, ní kí àwọn ọ̀gá ogun máa rí lọ́yà fi ọ̀ràn lọ̀. Wọ́n á tẹ́ máàpù, wọ́n á tọ́ka sí ilé kan. Èmi á bi wọ́n pé: ta ló ń sùn níbẹ̀? Ǹjẹ́ àwọn ará ìlú tí yóò kú kò ní pọ̀ ju àǹfààní ogun tí ẹ ń wá lọ? Ọ̀gá ló ń pàṣẹ, ìmọ̀ràn ni tèmi. Síbẹ̀ “Má-yìn-ín” ni wọ́n ń pè mí. Ọjọ́ tí mo ní kí wọ́n yìn ín ló pọ̀ jù, kò sẹ́ni tó rántí ìyẹn!

Ní ti ìbéèrè yín kejì: ó lè gbèjà rẹ̀, bó bá jẹ́ pé agbèjà ni wọ́n yàn án ṣe. Ní Amẹ́ríkà, lọ́yà tó ń gbèjà sójà kì í sí lábẹ́ ọ̀gá tó fẹ̀sùn kan sójà náà; ọ̀gá tirẹ̀ wà lọ́tọ̀, ọ̀fẹ́ sì ni fún olùjẹ́jọ́. Lọ́yà tó ń gba ọ̀gá nímọ̀ràn ńkọ́? Iṣẹ́ ológun fúnra rẹ̀ ni oníbàárà tirẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ sójà ti ń ṣìnà. Ọmọkùnrin kan wọlé tọ̀ mí wá nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó ti ilẹ̀kùn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́wọ́. Mo nawọ́ sókè: “Dákẹ́ ná! Èmi kọ́ ni lọ́yà rẹ.” Ká ní ó parí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni, n kò ní lè bò ó mọ́lẹ̀ fún un. Mo júwe ọ́fíìsì àwọn agbèjà. Ó bínú jáde.

Lọ́yà tó bá níbẹ̀ ló gbà á sílẹ̀. Èmi ni mo jókòó ti ọ̀gá rẹ̀ lórí ẹjọ́ náà.