Wọ́n ti wo sífílíìsì mi sàn, kí ló dé tí àyẹ̀wò ṣì ń rí i?

Ìbéèrè: Ọdún 3 sẹ́yìn ni wọ́n gún mi ní abẹ́rẹ́ pẹnisílínì nítorí sífílíìsì. Mo tún ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ méjì fún sífílíìsì lóṣù tó kọjá: èyí tí wọ́n ń pè ní TPHA ní ó wà, èyí tí wọ́n ń pè ní RPR ní kò sí. Èwo ni kí n gbà gbọ́?

Ìdáhùn: Ẹ gba méjèèjì gbọ́. Ohun tí TPHA ń wá yàtọ̀ sí ohun tí RPR ń wá.

TPHA ń wá èròjà tí ara yín ṣe láti fi bá kòkòrò sífílíìsì gan-an jà. Lára ọ̀pọ̀ èèyàn, èròjà yìí kì í lọ mọ́ láéláé, bí abẹ́rẹ́ tilẹ̀ ti pa kòkòrò náà tán. Egbò ti jinná, àpá ló kù. Inú máa ń bí mi tí mo bá rí ẹni tí wọ́n tún ń gún lábẹ́rẹ́ nítorí àpá yìí nìkan.

Èròjà mìíràn tí ara máa ń ṣe nígbà tí àìsàn bá ń ba ara jẹ́ ni RPR ń wá; òun ló ń sọ bí nǹkan ṣe rí báyìí. A ó kán omi inú ẹ̀jẹ̀ yín sórí páálí funfun, a ó kán èròjà kan tó ní lẹ́búlẹ́bú èédú nínú sí i, ẹ̀rọ á wá máa yí i fún ìṣẹ́jú 8. Bí èédú bá ṣù jọ, ó wà nìyẹn. A ó wá máa fi omi iyọ̀ la omi inú ẹ̀jẹ̀ náà: 1:2 (ìdá kan nínú méjì), 1:4, 1:8, títí èédú kò fi ní ṣù mọ́. Ibi tó ti ṣù kẹ́yìn la ń kọ sínú ìwé. Bí 1:32 bá di 1:8 lẹ́yìn abẹ́rẹ́, oògùn ti ṣiṣẹ́. Àmọ́ 1:8 tó di 1:4 kò tíì tó nǹkan; ọwọ́ ẹni tó ṣe àyẹ̀wò lásán lè fà á.

RPR náà máa ń ṣì í o. Ibà, oyún tàbí lupus (àìsàn tí ara fi ń bá ara rẹ̀ jà) lè mú kí èédú ṣù láìsí sífílíìsì. Bí egbò sífílíìsì bá sì ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ, ó lè má tíì rí nǹkan kan. Ẹni tí kò gba ìtọ́jú rí, tó wá ní irú èsì tiyín yìí, kò gbọdọ̀ lọ sùn: àrùn tó ti pẹ́ lára lè fara pamọ́ fún RPR.

Ní tiyín, bí egbò tàbí èélá tuntun kò bá sí, tí ẹ ò sì bá ẹni tuntun lò pọ̀, àpá ni TPHA yẹn ń fi hàn. Ẹ mú ìwé ọdún 3 sẹ́yìn lọ fún dókítà, kó fi nọ́ńbà RPR ìgbà yẹn wé ti ìsinsìnyí.